Orí Karùn-ún: Ta Ló Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà?

Ká ní ẹ gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù níbi ìkómọjáde, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì bo àdúrà ìyá àgbà mọ́lẹ̀. Ẹ fẹ́ sọ́fítíwíà tí yóò bá yín yọ ariwo náà kúrò, ẹ kò sì fẹ́ náwó lé e. Ẹ bi Google. Èyí tó gbé sókè pátápátá lè jẹ́ ìpolówó tí ẹnì kan sanwó lé lórí kó lè wà níbẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ sáìtì tó ní bọ́tìnnì daunlóòdù mẹ́ta lójú ewé kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, méjì nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀tàn. Audacity, tó ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 2000 láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wà níbì kan láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kò ní mọ̀ pé òun ni òun ń wá.

Irú wàhálà yìí ló mú kí àwọn kan máa ṣe àtòjọ sọ́fítíwíà. Àtòjọ tí mò ń sọ ni sáìtì tí wọ́n ti kó orúkọ sọ́fítíwíà jọ, tí wọ́n kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tó kọ ọ́, láísẹ́ńsì tó wà lórí rẹ̀, àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀ gan-an. Wọ́n pọ̀, wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi iye orúkọ tó wà nínú àtòjọ díwọ̀n bó ti dára tó. Èmi kì í wo iye. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò: ta ló gba sọ́fítíwíà yìí wọlé, kí ló yẹ̀ wò kó tó gbà á, ta ló sì ń sanwó fún un?

Ká tó wọ inú wọn, ẹ jẹ́ ká ya ohun tí kò jọra sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Computer Village, ní Ìkẹjà, lè bá Microsoft Office tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀, láìsan owó kankan lé e. Ohun olóhun nìyẹn, inú ètò kékeré tí wọ́n fi ń já irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ sì ni fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń fara pamọ́ sí. Adobe Reader ní tirẹ̀ kì í gbowó, kò sì lòdì sófin, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí ará ìta rí kóòdù tí wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí àṣẹ láti tún un ṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tí orí yìí dá lé: sọ́fítíwíà tí láísẹ́ńsì rẹ̀ fún gbogbo ayé láṣẹ mẹ́rin, pé kí wọ́n lò ó fún iṣẹ́ yòówù, kí wọ́n ka kóòdù rẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíì, kí wọ́n sì pín èyí tí wọ́n tún ṣe náà kiri. Richard Stallman ló gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ wọ̀nyí dìde ní Amẹ́ríkà ní 1983, ó sì dá Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985. Ní 1998 àwọn mìíràn dá Open Source Initiative sílẹ̀, orí ìlànà tí àwọn tó ń ṣe Debian, tí a óò bá pàdé níwájú, kọ ní 1997 ni wọ́n sì gbé ìlànà tiwọn kà. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì kò fẹnu kò títí dòní lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe nǹkan náà, free software tàbí open source, awuyewuye tí kò kan ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ àdúrà ìyá àgbà ketekete.

Ọmọ Barbados kan, Alan Emtage, ló kọ́kọ́ fún íntánẹ́ẹ̀tì ní ohun tí wọ́n lè fi wá fáìlì. Yunifásítì McGill ní Montreal, ní Kánádà, ló wà nígbà náà. Wẹ́ẹ̀bù kò tíì dé ọwọ́ aráyé. Orí àwọn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún FTP, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gba fáìlì, tí ọ̀pọ̀ jù wọn wà ní yunifásítì, ni sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ máa ń wà, ẹni tó bá sì fẹ́ ọ̀kan ní láti ti mọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀. Archie, tó jáde ní 1990, ń kàn sí àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyẹn láti ìgbà dé ìgbà, ó ń kó orúkọ gbogbo fáìlì tó bá níbẹ̀ jọ síbì kan tí èèyàn ti lè wá a. Àmọ́ orúkọ fáìlì nìkan ló mọ̀. Bí ẹni tó kọ sọ́fítíwíà bá fi lẹ́tà méjì péré pe fáìlì rẹ̀, Archie kò lè sọ fún yín bóyá àwòrán ni wọ́n ń fi í ṣe àbí orin. Kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rárá, ohun tó bá ṣáà ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà ti wọlé.

Freshmeat, tí Patrick Lenz dá sílẹ̀ ní 1997, ní ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ sọ́fítíwíà tàbí tó gbé ẹ̀dà tuntun jáde yóò fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́, olóòtú yóò kà á, yóò tún un tò, kó tó gbé e síta. Ní 2011 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Freecode. Ní oṣù Kẹfà 2014 àwọn tó ni ín ní àwọn kò ní fi ohun tuntun kún un mọ́, wọ́n sì fi àwọn ojú ewé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kàn ya ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà yóò rí àtòjọ tó kún bámúbámú, tó mọ́ tónítóní, tí gbogbo ohun tó sọ sì ti di ti àná. Èmi kì í ka ojú ewé sọ́fítíwíà kankan tí n kò bá tíì wá ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Àwọn tó ni Freecode nígbà náà ló ni SourceForge, ọ̀rọ̀ ti SourceForge sì gba ìfarabalẹ̀. Ilé iṣẹ́ VA Linux ló gbé e jáde ní oṣù Kọkànlá 1999. Kì í ṣe àtòjọ lásán. Ó fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ sọ́fítíwíà open source ní ibi tí yóò kó kóòdù rẹ̀ sí, ibi tí àwọn tó ń lò ó yóò ti máa fẹjọ́ àṣìṣe sùn, àti ibi tí ayé yóò ti máa gba fáìlì, lọ́fẹ̀ẹ́. Lásìkò tí àyè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n gógó, ẹ̀bùn ńlá ni. Láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, bí ẹ bá ń wá sọ́fítíwíà olóòótọ́ tí kò gbowó, ibẹ̀ ni wọn yóò darí yín sí, àwọn ènìyàn sì mọ́kàn lé orúkọ náà débi pé wọn kì í wo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 2012 Dice Holdings ra SourceForge pọ̀ mọ́ sáìtì ìròyìn Slashdot àti Freecode ní 20 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó bá náwó tó bẹ́ẹ̀ fẹ́ rí èrè níbẹ̀. Ní 2013 wọ́n mú ètò kan tí wọ́n pè ní DevShare wá: ẹni tó bá gba sọ́fítíwíà láti ibẹ̀ sórí Windows yóò gba ètò ìfisórí-kọ̀ǹpútà tí SourceForge fúnra wọn dì, yóò sì bá a béèrè bóyá ó fẹ́ nǹkan mìíràn tí kò bá a sọ, ìyẹn ọjà àwọn tó sanwó ìpolówó. Bí onímọ́tò tó ń ti ẹrù elẹ́rù bọ inú àpò èrò, ẹni tó bá ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìkàwé yóò délé pẹ̀lú ohun tí kò rà. Lákọ̀ọ́kọ́, sọ́fítíwíà tí ẹni tó ni ín bá gbà bẹ́ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe é sí, wọ́n sì ń fún un nínú owó rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe GIMP, sọ́fítíwíà àtúnṣe àwòrán, kò fẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 2013 wọ́n kó ẹ̀dà Windows tiwọn kúrò níbẹ̀, wọ́n ní àwọn bọ́tìnnì ìpolówó tó jọ bọ́tìnnì daunlóòdù àti ètò tuntun yìí ti sú àwọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ ni oṣù Karùn-ún 2015. SourceForge sọ pé ojú ewé GIMP ti Windows ti di ahoro, wọ́n gba ìṣàkóso rẹ̀, wọ́n sì ń pín GIMP níbẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó tí wọ́n dì mọ́ ọn. Àwọn tó kọ GIMP fìbínú jáde, ariwo gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ilé iṣẹ́ náà sì ní àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ sí sọ́fítíwíà tí ẹni tó ni ín kò bá fọwọ́ sí i.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kóòdù GIMP. Láísẹ́ńsì rẹ̀, GPL, gba ẹnikẹ́ni láyè láti pín in kiri, kódà láti tà á, nítorí náà òfin láísẹ́ńsì nìkan kò lè dá wọn dúró. Ẹnu ọ̀nà ló yí padà. Olùṣọ́ kan náà, orúkọ kan náà, àdírẹ́sì kan náà, àmọ́ ẹni tó ń sanwó oṣù rẹ̀ ti di ẹlòmíì. Ní oṣù Kìíní 2016 wọ́n tún ta SourceForge. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn onílé tuntun fòpin sí DevShare, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fáìlì wò fún fáírọ́ọ̀sì. Sáìtì náà ṣì wà, ó sì sàn ju bó ti wà lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó kó lọ sí GitHub, ibòmíràn tí wọ́n ti ń kó kóòdù sí, kò padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà tó le. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní 1993, gẹ́gẹ́ bí àkójọ sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ látòkè délẹ̀, pẹ̀lú Linux tí Linus Torvalds kọ ní Finland ní 1991. Àwọn olùyọ̀ǹda ló ń tọ́jú rẹ̀. Sọ́fítíwíà tuntun kò lè wọlé àfi bí àwọn aṣọ́nà tí wọ́n ń pè ní ftpmaster bá ti yẹ láísẹ́ńsì àwọn fáìlì rẹ̀ wò. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, àwọn tó ń dúró sì máa ń ráhùn. Èyí tí láísẹ́ńsì rẹ̀ kò bá kún ojú ìwọ̀n, apá tí wọ́n ń pè ní non-free ni wọn yóò kó o sí, kí ojú lè rí i. Nígbà tí ẹ̀dà Debian 12 jáde ní oṣù Kẹfà 2023, àpò sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀ lé ní 64,000. Inú ọ̀kan nínú wọn, xkb-data, ni ètò ìtẹ̀wé Yorùbá wà, tí ẹni tó ń lo Linux fi lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ láìdaunlóòdù nǹkan kan kún un. Abẹ́ Nàìjíríà ni ẹ óò ti bá a nígbà tí ẹ bá ń yan èdè ìtẹ̀wé.

Ohun tí àwọn tó ń lo Windows kì í sábà mọ̀ ni pé kò dìgbà tí ẹ bá ń lo Debian kí ẹ tó jàǹfààní àtòjọ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló lè ka packages.debian.org. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ohun tí ẹ ń wá síbẹ̀, ẹ ka àlàyé, ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà gẹ́gẹ́ bí ilé sọ́fítíwíà náà, kí ẹ sì lọ gba ẹ̀dà Windows níbẹ̀. Ojú ewé náà kò rẹwà. Àmọ́ wọn kì í polówó níbẹ̀, ìdí kan tí mo fi ń lọ síbẹ̀ nìyẹn.

Fún fóònù Android, F-Droid ni ẹnìkejì rẹ̀. Ciaran Gultnieks ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2010. Dípò kí wọ́n gba áàpù tí ẹni tó kọ ọ́ ti dì tán, wọ́n sábà máa ń mú kóòdù rẹ̀, wọn á sì fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ di áàpù, kó lè dájú pé ohun tí ayé ń kà ni ohun tí ayé ń lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn: èyí ní ìpolówó, èyí ń tọpa ẹni tó ń lò ó, èyí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ilé iṣẹ́ kan tí kóòdù tirẹ̀ wà ní pípadé. NewPipe, tí àwọn ènìyàn fi ń wo YouTube láìwo ìpolówó, gba irú ìkìlọ̀ ìkẹyìn yìí, torí pé YouTube fúnra rẹ̀ kì í ṣe open source. Àtòjọ tó lè sọ àléébù ọjà tó pàtẹ lójú ara rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ibẹ̀ náà ni OsmAnd wà, àwòrán-ilẹ̀ tí ẹ lè gbà sórí fóònù nílé, kí ẹ sì fi rìn láti Ìbàdàn dé Sákí láìná dátà. Áàpù báńkì yín kò ní sí níbẹ̀ ní tirẹ̀, ẹ̀dà tuntun sì máa ń fi ọjọ́ mélòó kan pẹ́ kó tó dé.

Free Software Foundation náà ní àtòjọ, Free Software Directory, tí UNESCO bá wọn dá sí ní 2003. Àwọn olùyọ̀ǹda ń yẹ láísẹ́ńsì wò níbẹ̀ kínníkínní. Yóò sọ fún yín bóyá sọ́fítíwíà ní òmìnira. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án, àwọn ojú ewé kan níbẹ̀ sì ti gbó. AlternativeTo, tí àwọn ará Sweden bẹ̀rẹ̀ ní 2009, yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ ohun tí ẹ ti mọ̀ ni ẹ óò tẹ̀ síbẹ̀, bíi Photoshop, ẹ óò yan open source, GIMP àti Krita yóò sì jáde. Ẹnikẹ́ni ló lè dìbò níbẹ̀, nítorí náà mo fi ń wá orúkọ ni, n kì í fi í dá ẹjọ́. A lè rí orúkọ gbà nínú àwọn àtòjọ tó wà lórí GitHub náà, ṣùgbọ́n ẹ má ka iye ìràwọ̀ tí àwọn ènìyàn fi yin sọ́fítíwíà níbẹ̀ sí ẹ̀rí, owó ló ń ra ìràwọ̀ mìíràn.

Ó wá ku bí ẹ óò ṣe lò wọ́n pọ̀. Ká padà sórí ohùn wa. AlternativeTo fún wa lórúkọ Audacity. Ó wà nínú Debian, kì í ṣe nínú non-free, ìyẹn ni pé àwọn aṣọ́nà tó le ti wo láísẹ́ńsì rẹ̀. Ojú ewé Debian darí wa sí audacityteam.org. Àdírẹ́sì yẹn gan-an ni ká fọwọ́ ara wa tẹ̀, ká má ṣe padà sọ́dọ̀ Google lọ wá a, torí ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àwọn sáìtì ayédèrú ń lúgọ sí. Níbẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ̀dà ìkẹyìn jáde. Wikipedia pàápàá wúlò fún èyí. Àpótí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpilẹ̀kọ máa ń ní àdírẹ́sì ilé sọ́fítíwíà, láísẹ́ńsì rẹ̀ àti ọjọ́ ẹ̀dà tuntun, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ewé sọ́fítíwíà tó lókìkí níbẹ̀ kì í sì í sùn.

Ilé gan-an tún lè ní olè nínú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2016, àwọn kan já wọ sáìtì Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, wọ́n yí àdírẹ́sì daunlóòdù padà, àwọn tó gba ẹ̀dà 17.3 Cinnamon lọ́jọ́ náà sì gba èyí tí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà fi máa ń kọ òǹkà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní SHA256 sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì. Bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú fáìlì, òǹkà náà yóò yí padà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì, lẹ́yìn náà SHA256, kí ẹ fi èsì wé èyí tó wà lórí sáìtì. Ṣùgbọ́n olè tó lè yí àdírẹ́sì padà lè yí òǹkà tó wà lórí sáìtì kan náà padà pẹ̀lú. Ibi tí ìfọwọ́síwèé PGP, èyí tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà fi ń jẹ́rìí sí fáìlì wọn, ti wúlò nìyẹn, torí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é kì í gbé orí sáìtì.

Aṣọ́nà tó le jù náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kì í tó. Ní ìparí oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ó tọ́ ọ dé ìdí, ó sì rí i pé ẹnì kan tó ti ń fi sùúrù bá wọn ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà kékeré kan, xz, láti nǹkan bí ọdún méjì ti ki ọ̀nà ẹ̀yìn bọ ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Láísẹ́ńsì rẹ̀ pé, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á, ìfọwọ́síwèé rẹ̀ tọ́. Ó ti wọ ẹ̀dà ìdánwò Debian. Kò tíì dé inú Debian 12, èyí tí wọ́n ń pè ní stable nígbà náà, torí pé ibẹ̀ kì í tètè gba nǹkan tuntun. Ìfàsẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ń ráhùn sí ló gba àwọn tó ń lò ó là.

Ti ilé iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tún yàtọ̀ díẹ̀, torí wọn kì í kàn gba sọ́fítíwíà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Ẹ mú Koha, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ní Nàìjíríà fi ń ṣètò ìwé wọn. New Zealand ni wọ́n ti kọ ọ́, fún àwọn ilé-ìkàwé Horowhenua, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní oṣù Kìíní 2000. Ní 2007 ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, LibLime, ra ẹ̀ka Koha lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́, àdírẹ́sì koha.org sì bá a lọ. Nígbà tí èdèkòyédè dé láàárín ilé iṣẹ́ náà àti àwọn yòókù tó ń kọ kóòdù, àwọn yòókù kó ẹrù wọn, kóòdù sì bá wọn lọ torí láísẹ́ńsì gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì kò ṣeé kó. Wọ́n ní láti kọ́ ilé mìíràn. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó bá lo orúkọ náà nìkan láti mọ ilé rẹ̀, koha.org ni yóò tẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ àtòjọ tí wọ́n ń tọ́jú wá ni yóò bá koha-community.org níbẹ̀, níbi tí àwọn tó ń kọ ọ́ wà títí di báyìí.